Fèrèsé Méjì, Ilé Ìdáná Kan

Ẹni tó bá ní kò sí oúnjẹ ní yunifásítì wa, irọ́ ló ń pa. Oúnjẹ wà. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé òun kò tíì rí èyí tí òun máa jẹ tí inú kò ní run òun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń ta búrẹ́dì tó le débi pé èèyàn lè fi kan ìṣó. Níwájú géètì, àwọn tó ń ta oúnjẹ lábẹ́ agboòrùn wà níbẹ̀, eruku ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe ata. Àwọn olùkọ́ ní ilé oúnjẹ tiwọn lókè, aṣọ funfun lórí tábìlì, oúnjẹ bíńtín láàárín àwo ràgàjì, bí ẹni pé àwo ni wọ́n ń tà. Àwọn ọmọ kan sì wà tó ń fi sítóòfù kékeré dáná ní yàrá wọn ní bòókẹ́lẹ́, títí iná yóò fi lọ ní gbogbo ilé, tí wọ́n á wá máa gbé ìkòkò sá kiri lábẹ́ aṣọ bí olè. Ẹni tí gbogbo èyí bá sú, gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gbà lọ. Ibẹ̀ ni èmi wà, ní fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún.

Àwọn ọmọ ń pè mí ní Ìyá Kíákíá, nítorí n kì í jẹ́ kí ìlà dúró. Ìrẹsì, ẹ̀wà, ọbẹ̀, ẹran: wí tìrẹ, gba tìrẹ, yà fún ẹni tó kàn. Bí o bá fẹ́ ronú, lọ sí ilé ìkàwé. Ní fèrèsé ọwọ́ òsì ni àbúrò ọkọ mi wà, òun ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Ẹlẹ́yin, nítorí ẹyin díndín àti ọ̀dùnkún díndín ni tirẹ̀. Fèrèsé méjì ni àwọn tó ń jẹun ń rí. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn fèrèsé méjèèjì, inú rẹ̀ sì ni a ti ń fi ojú pa ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n là á kó yé yín. Mo ju Àǹtí Ẹlẹ́yin lọ lọ́jọ́ orí. Mo ti ń dá lọ sí ọjà nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ilé tí mo fẹ́ ọkọ sí ni wọ́n bí i sí, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni. Mo ń kúnlẹ̀ kí i. Mo ń pè é ní Àǹtí. Òun ń pè mí ní Ìyàwó. Èyí kò bí mi nínú, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó ń gbádùn rẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀, á ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì, kí n lè pẹ́ nílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló ni fèrèsé méjèèjì tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un, ó pín in kó tó kú: ọ̀kan fún Àǹtí tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀kan fún èmi ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rò pé ohun tó dọ́gba ni òun ṣe. Ọmọ rẹ̀ ní ogún òun ni wọ́n bù fún àjòjì. Èmi náà bèèrè pé ta ló ń gbé ìkòkò láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà tí orúnkún Màmá ń dùn ún, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ kun èékánná? Láti ọjọ́ náà ni a ti di ológbò àti eku. Èwo nínú wa ni ológbò, ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bi.

Ilé ìdáná yẹn tóóró. Àwọn sítóòfù wà lápá kan, ibi ìfọbọ́ wà lápá kejì, ọ̀nà tó wà láàárín kò sì gba obìnrin méjì tó ń jẹun kánú. Nítorí náà ni Màmá ṣe ní òfin kan tó fi ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá wọ ibẹ̀ wá ṣiṣẹ́, kó tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí nǹkan. Ẹni tó bá gbé ohun gbígbóná, ẹnu ni kó fi máa rìn. "Gbígbóná!" ni kó máa ké láti ibi tó ti gbé e títí dé ibi tí yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á lẹ̀ mọ́ ògiri, á dáhùn pé "Máa bọ̀," kódà bó jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ ló gbé ìkòkò. Lọ́dọ̀ Màmá, o lè bú ẹni tó wù ọ́ láti ìran dé ìran, àmọ́ o kò gbọdọ̀ gbé omi gbígbóná kọjá lẹ́yìn rẹ̀ láìké.

Èmi àti Àǹtí kò rú òfin yẹn rí. Òfin mìíràn kò sí tí a kò rú. Ó ra fáànù, ó gbé e sẹ́yìn páànù rẹ̀, kí òórùn ẹyin lè máa fẹ́ lọ bá ìlà tèmi. Àwọn ọmọ tó ti tò fún ìrẹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn. Èmi náà á da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná nígbàkígbà tí mo bá rí i pé ìlà tirẹ̀ ti ń gùn. Ó sọ fún wọn pé ẹran mi ti mọ ojú wọn láti àná. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè jẹ ẹyin rẹ̀ kó tó kọ bí àkùkọ. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò wá láti yunifásítì mìíràn ni gbogbo rẹ̀ tú jáde. Ó ní mo gbé sítóòfù mi sún mọ́ tirẹ̀. Mo ní sítóòfù kò ní ẹsẹ̀. Ó na ìgbákọ sí mi lójú, mo na tèmi sí i, ọbẹ̀ sì ta láti fèrèsé lọ bà lé aṣọ àlejò kan tó wọ funfun báláú. N kò mọ ohun tí èèyàn ń wá nílé oúnjẹ pẹ̀lú aṣọ funfun, àmọ́ wọn kò bi mí.

Ọkùnrin tí yunifásítì fi ṣe olórí gbọ̀ngàn oúnjẹ, Ọ̀gá Táì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó rí ọrùn rẹ̀ lófìfo rí, ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti parí ìjà wa títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ náà kò bi wá pé ta ló jẹ̀bi. Ó ní kí Màmá Afọbọ́, obìnrin àgbàlagbà tó ń fọ abọ́ fún àwa méjèèjì, wá jókòó, kó lè ṣe ẹlẹ́rìí.

"Ẹ ti sú mi," ó ní. "Láti òní lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná yẹn, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, fèrèsé rẹ̀ ti lọ. Ẹnì kejì ló ni méjèèjì. Màmá Afọbọ́ ni etí mi níbẹ̀."

Ó rò pé òun ti pa iná. Òróró ló dà sí i. Bó bá sọ pé kí àwa méjèèjì máa lọ, à bá ti fọwọ́ wọ́nú, à bá ti bẹ̀rù pọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé fèrèsé kejì síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bí ẹni gbé egungun síwájú ajá méjì, ó wá ní kí wọ́n má gbó. Mo wo Àǹtí, ó wò mí, mo sì rí i pé ohun kan náà ni a ń rò. Ẹni tó bá lè mú ẹnì kejì sọ̀rọ̀ ti jogún Màmá.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún ọkọ mi, awakọ̀ tó ń na ọ̀nà jíjìn ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ní ìrìn àjò lọ́la. Ọ̀la tí kò ní ìrìn àjò kò sí rí nígbàkígbà tí mo bá dárúkọ àbúrò rẹ̀.

Ẹ má rò pé nítorí ohun tí mò ń rí lórí oúnjẹ nìkan ni mo ṣe di fèrèsé yẹn mú. Nínú ilé ọkọ mi, Ìyàwó ni mí. Ní òpópónà, ìyàwó awakọ̀ ni mí. Bí mo bá kú, ìyá àwọn ọmọ lágbájá ni wọ́n máa kọ. Fèrèsé yẹn ni ibì kan ṣoṣo láyé tí wọn kì í fi ẹlòmíràn júwe mi. Ọmọ tí n kò mọ ìyá rẹ̀ á na ọrùn láti ẹ̀yìn ìlà, á ní, "Ìyá Kíákíá, ẹ má gbàgbé mi o," ọkàn mi á sì kún. N kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ìṣòro ti bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ìyàwó ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i, ó sì mọ̀. Ó dúró sáàárín ilé ìdáná, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí "ẹ káàárọ̀" tí yóò gba fèrèsé mi. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì, n kò sì sọ nǹkan kan. Mo dìde, mo lọ fọ ìrẹsì mi. Màmá Afọbọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Kò pẹ́ tí òun náà fi bọ́ sí i. Ó fẹ́ gbé omi gbígbóná kọjá, mo sì wà lójú ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ ti là tán láti ké bí Màmá ṣe kọ́ wa, ó bá pa á dé. Ta ló máa ké sí? Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wú ikọ́. Mo mọ ikọ́ náà, mo ń fọ ìrẹsì lọ. Ó tún wú u. Ó wú ikọ́ títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, apá rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìkòkò, mo sì ń yọ òkúta inú ìrẹsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sú u, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó mú ṣíbí, ó fi lù ú gbàgàgbàgà. Mo yà fún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó kàn fẹ́ nara.

Bí ṣíbí ṣe di ẹnu wa nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ohun gbígbóná á fi ṣíbí lu ìdí ìkòkò, ẹnì kejì á yà. Mo ní kí Màmá Afọbọ́ bá mi bi Ọ̀gá Táì bóyá ṣíbí náà jẹ́ ọ̀rọ̀. Ó dáhùn pé ṣíbí kì í ṣe ẹnu. Ó dùn mí, nítorí Àǹtí ló kọ́kọ́ lù ú.

Nígbà tó rí i pé n kò ní já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọlọ́run fún un ní ohùn, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Á dúró ti páànù rẹ̀, á máa yí ẹyin padà, á sì máa kọ ọ́:

*Wọ́n ní kó jókòó, ó gba àga,*
*ó gba àga tán, ó ń wo yàrá,*
*onílé dúró, ó ń wò ó níran.*

Ta ló ń bá wí? Ẹyin ló ń bá wí. Bí mo bá dáhùn pẹ́nrẹ́n, á ní à ń sọ̀rọ̀ olè, aboyún ń dáhùn. Èmi náà kojú sí ìkòkò ẹ̀wà mi. "Ẹ̀wà," mo ní, "ìwọ yìí, ilé rere ni wọ́n ti mú ọ wá, omi rere ni wọ́n fi sè ọ́, láti àárọ̀ ni o ti wà lórí iná, o kò rọ̀. Irú ìwà wo nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mò ń sọ o. Màmá Afọbọ́ gbọ́ ọ pé ẹ̀wà ni mo pè.

Ó pa gáàsì mi nígbà tí mo lọ gbé ẹran. Mo padà dé, mo bá ìrẹsì mi tó ń wẹ̀ nínú omi tútù, ìlà sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kún mi láyà débi pé mo wọ yàrá ìkẹ́rù lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àpò ìrẹsì kan. Àpò náà kò ní gbàgbé mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé agolo iyọ̀ rẹ̀ sórí pẹpẹ tó ga jù lọ, nítorí kúkúrú ni. Ó gun àga, ó nà títí, ó ń mí bí ẹṣin, kò sì jẹ́ kí èémí náà di ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tó o, ó wò mí láti orí àga pẹ̀lú ìkórìíra tó mọ́ gaara. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Báyìí la ń bá a lọ títí ó fi di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ebi máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí abiyamọ tó ń fún ìbejì lọ́mú. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á tún padà wá tò. Ìlà méjèèjì jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn lọ sí ojú oòrùn. N kò ráyè bá ẹ̀wà wí, Àǹtí kò ráyè kọrin.

Kẹ́ẹ̀gì òróró rẹ̀ ti là nídìí láìjẹ́ pé ó mọ̀. Òróró rọra ń ṣàn jáde lábẹ́ tábìlì, ó ti gba ojú ọ̀nà kan, ó tẹ́ sílẹ̀ bẹẹrẹ, ó ń dán. Òróró tó wà lórí iná rẹ̀ sì ti di dúdú látàrí ọ̀dùnkún tó ti ń dín láti àárọ̀, ó fẹ́ lọ dà á nù lẹ́yìn ilé kó lè gbé òmíràn kaná. Dípò kó jẹ́ kó tutù, ìlà ń pariwo, ó mú àkísà méjì, ó gbé odidi ìkòkò náà kúrò lórí iná, ó ń bọ̀. Kò lu ṣíbí. Ọwọ́ rẹ̀ kún.

Mo wà ní òdìkejì ọ̀nà, mo dojú kọ ọ́, mo kó àwo jọ látọwọ́ dé àgbọ̀n. Ṣíbí tèmi wà lórí sítóòfù. Ọmọ kan pè é láti ojú fèrèsé pé kó bá òun fi ata sí i, ó sì yí orí padà láti dá a lóhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn bọ̀ níwájú. Mo wo òróró ilẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ náà. Òróró tó wà nínú ìkòkò ṣì ń hó.

N kò ní ṣe bí ẹni mímọ́ fún yín. Mo rò ó. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, kò sí òfin tí mo rú. Dídákẹ́ ni wọ́n kúkú ní kí n dákẹ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ó wù mí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó wù mí.

Ohùn ara mi ni mo kàn gbọ́. "Gbígbóná! Àǹtí, ẹ dúró! Òróró wà nílẹ̀!"

Ó dúró gbagidi, ẹsẹ̀ kan lókè. Òróró ìkòkò náà fì wá sí etí, ó fì padà. Ó rọra dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó wo ilẹ̀, ó rí i. Ojú rẹ̀ dà bí eérú. Ó sọ ìkòkò náà kalẹ̀ sórí sítóòfù tó sún mọ́ ọn jù lọ, sítóòfù tèmi ni, àkísà méjèèjì sì bọ́ sílẹ̀.

N kò retí kó dúpẹ́. Bó bá bú mi pé kí ló dé tí mo pariwo mọ́ òun, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá sunkún, màá wo ibòmíràn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó mí, ó mí, títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ó wá kọ ojú sí ibi ìfọbọ́.

"Màmá Afọbọ́," ó ní, "ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ kò gbọ́?"

Màmá Afọbọ́ pa ẹ̀rọ omi. Àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Ó ní òun gbọ́ ọ.

Mo bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ títí ìlà fi tán. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ kan ní Ìyá Kíákíá, ọwọ́ yín kò yá lónìí, mo sì fún un ní ẹran kún ẹran rẹ̀ kó lè panu mọ́. Kò sí ẹni tó kọrin, kò sí ẹni tó bá ìkòkò wí. Mo ń wo ìlà náà bó ṣe ń kúrú, ó ń dùn mí pé ó ń kúrú.

Lẹ́yìn iṣẹ́, a wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Táì. Àǹtí ló rojọ́, kò sì gùn: ìyàwó wa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀gá Táì kọjú sí Màmá Afọbọ́. Obìnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: kẹ́ẹ̀gì tó là, òróró nílẹ̀, ìkòkò tó ń hó, ọmọ tó ń pe ata. Ó sọ ohun tí mo ké gan-an. Ó fi kún un pé bí kò bá sí igbe yẹn, ilé ìwòsàn là bá wà nísinsìnyí, kì í ṣe ọ́fíìsì.

Ojú ti Ọ̀gá Táì. Ó ń fa táì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi mọ bó ṣe gùn tó. Ó bi Àǹtí bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá Táì wá ní ẹnu òun lòun fi ṣòfin, òun kò sì lè máa fi ẹnu kan náà tú u lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n kó yọ bá fúnra rẹ̀ sọ pé kí òun gbójú fò ó, òun á gbójú fò ó. Ó ń wo Àǹtí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

 Àǹtí ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé bóyá. Ẹ wò ó, èmi náà rò pé bóyá.

"Kó kúnlẹ̀," ó ní. "Kó kúnlẹ̀ níbí yìí kó bẹ̀ mí, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé fèrèsé ìyá mi lòun ń jókòó sí, àánú mi ló gbé òun dúró níbẹ̀. Màá jẹ́ kó dúró."

Ọ̀gá Táì mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ yá. Lójú tirẹ̀, kí ló wà nínú ìyẹn? Mo ti ń kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé wọn. Orúnkún mi mọ ilẹ̀. Ó tilẹ̀ dìde, ó sún àga kan sẹ́yìn, kí àyè lè gbà mí.

Mo wo àyè náà. Mo rí ìlà àwọn ọmọ lọ́kàn mi, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń pè mí. Kìkì kí n tẹ orúnkún ni. Ìkúnlẹ̀ ìkíni, gbèsè ìdílé ni, mo ń san án lójoojúmọ́, kò sì dín mi kù. Èyí kì í ṣe ìkíni. Èyí, ó fẹ́ kí n tọrọ àforíjì pé n kò jẹ́ kó jóná. Bí mo bá kúnlẹ̀, tí mo sì sọ ìyẹn, obìnrin tó máa padà sí fèrèsé yẹn lọ́la kì í ṣe èmi, kódà bí wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Kíákíá.

Ìbínú gbé mi dúró. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ fèrèsé mi lára okùn épírọ́ọ̀nù, mo gbé e sórí tábìlì Ọ̀gá Táì.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, Àǹtí," mo ní. "Odindi ni. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní nìyẹn."

Màmá Afọbọ́ bú sẹ́kún. Ọ̀gá Táì ń wo kọ́kọ́rọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án, ó ní kí n ṣe sùúrù, kí n jókòó, kí a jọ sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ tirẹ̀. Àǹtí ni mò ń wò. Ó tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú sálúbàtà, ó wò ó pẹ́, ó sì gbé ọ̀kan lé èkejì bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n pamọ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ mi.